Ìbọn Onífèrè Ọdẹ́yínká

"Ọwọ́ tí yóò gbé ìbọn ni í yan igi ìbọn." Ẹ ti gbọ́ ọ rí, àbí ẹ ò tíì gbọ́ ọ? Ṣé ẹ mọ orírun rẹ̀? Àwọn kan máa ń pa òwe yìí kí ọ̀rọ̀ wọn lè dùn lásán ni, wọn kò mọ̀ pé apá ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ dá kí ó tó dé ẹnu wọn. Bí ẹ bá bi wọ́n pé ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́, wọ́n á ní àwọn àgbà ni. Àgbà wo? Àgbà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Láyé ìgbà tí ìbọn ṣakabùlà ni gbogbo ohun tí ọdẹ gbójú lé, ọdẹ kan wà ní ìlú Òkè-Ẹtu tó ń jẹ́ Ọdẹ́yínká. Baba rẹ̀ ló fi ìbọn sílẹ̀ fún un kó tó kú. Ìbọn náà gùn, ó sì wúwo, nítorí ìrókò ni wọ́n fi ṣe igi rẹ̀, láti ìdí tó máa ń ti èjìká títí dé iwájú níbi tí ọwọ́ òsì ti ń gbá a mú lábẹ́ irin. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìbọn Òkè-Ẹtu rí. Ìrókò ni àwọn baba ńlá wọn lò, ìrókò náà ni wọ́n ń lò, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ìdí rẹ̀.

Ní ọdún kan, túùkú kan tí Ọdẹ́yínká yìnbọn lù yí padà sí i, ó là á mọ́lẹ̀, ó sì dá a lápá òsì. Àwọn tó ń to eegun to ó, apá náà sì jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́ díẹ̀ níbi ìgúnpá, kò sì nà tán mọ́. Ó lè fi kọ ebè. Ó lè fi gbé ọmọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti nà án síwájú kó fi gbé ìbọn baba rẹ̀, apá náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹnu ìbọn á sì máa dorí kọ ilẹ̀.

Ìyẹn gan-an ni ìṣòro. Àṣà kan wà ní Òkè-Ẹtu tí wọ́n ń pè ní Ìdúró. Lọ́dọọdún, kí àwọn ọdẹ tó wọ igbó, wọ́n á péjọ níwájú ojúbọ Ògún. Ọdẹ kọ̀ọ̀kan á gbé ìbọn rẹ̀ lé èjìká láìsí ẹ̀tù nínú rẹ̀, á na ẹnu rẹ̀ sí ọ̀nà igbó, oníjàálá á sì máa ki ìran rẹ̀. Títí oríkì yóò fi parí, ẹnu ìbọn kò gbọdọ̀ tẹ̀. Ọdẹ tí ẹnu ìbọn rẹ̀ bá tẹ̀, wọ́n á gba ìbọn náà, wọ́n á gbé e kọ́ ara ògiri ilé Olúọdẹ, olúwa rẹ̀ kò sì ní wọ igbó ṣọdẹ mọ́ títí ayé. Olúọdẹ fúnra rẹ̀ á sì dúró dojú kọ ọdẹ náà, òun náà á gbé ìbọn tirẹ̀ sókè, nítorí àṣà wọn kò gba kí ẹni tó jókòó máa wo ẹni tó dúró. Oríkì ìran kan kì í gùn púpọ̀, nítorí náà apá Olúọdẹ kankan kò tíì ro ó rí.

Ọdẹ́yínká mọ̀ pé òun kò ní la Ìdúró já. Àwọn ẹbí ní kó rọra gbé ìbọn sílẹ̀ kí ojú má baà tì í ní gbangba. Inú bí i gidigidi. Ó ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé wọn, òun kò tíì kú tí wọ́n fi ń pín ogún òun.

Ó gé igi ìrókò iwájú ìbọn náà kúrò, ó fi ti ìdí sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá igi tó fúyẹ́. Ó kọ́kọ́ fi ọparun dán an wò. Nígbà tó yìn ín, ọparun là sí méjì, díẹ̀ ló kù kó ṣe é léṣe. Ó wá lọ gé arère. Ó gbẹ́ ẹ, ó fá a títí ó fi tín-ín-rín, ó sì gbé e sórí àjà ìdáná ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, kí ooru lè fa omi ara rẹ̀ gbẹ.

Àwẹ̀ró, tó jẹ́ pé ẹran yíyan ló fi ń ṣòwò, wo àjà rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Àwọn ìyàwó ọdẹ yòókù ń yan ẹran. Èmi ń yan igi." Ṣùgbọ́n òun náà ló ń yí igi náà padà ní àràárọ̀, òun ló sì ń fi àdín pa á lára.

Nígbà tí igi gbẹ, Ọdẹ́yínká fi irin gbígbóná dá ihò sí i lára ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ó lè túbọ̀ fúyẹ́, kí ooru irin ìbọn sì lè rí ọ̀nà jáde. Kò jẹ́ kí ó gùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ṣe ibi ìdìmú rẹ̀ sẹ́yìn, níbi tí apá wíwọ́ rẹ̀ lè dé láìnà, tí ìgúnpá rẹ̀ á sì lè fara ti ìhà. Ó wá rán awọ ẹtu tútù mọ́ ọn. Bí awọ náà ṣe ń gbẹ ló ń fún mọ́ra, ó sì di igi àti irin pọ̀ pinpin.

Bó ṣe gbé e jáde báyìí, ẹ̀rín sọ. Wọ́n rí àwọn ihò ara rẹ̀, wọ́n ní ìbọn Ọdẹ́yínká ti di fèrè. Ẹnìkan tiẹ̀ ní tó bá dénú igbó kó máa fun ún, bóyá àgbọ̀nrín á jó wá bá a. Ọdẹ́yínká rọ ẹ̀tù sínú rẹ̀. Ó yin ìbọn náà sí ìdí ọ̀pẹ, ọ̀pẹ gbà á, igi kò là, ó gbé ìbọn rẹ̀ lọ sílé.

Ọjọ́ Ìdúró pé. Ògúngbèmí ni Olúọdẹ nígbà náà, àgbàlagbà tó ga, tó sì le bí irin tó ń gbé. Nígbà tó kan Ọdẹ́yínká, Olúọdẹ wo ohun tó gbé dání láti òkè délẹ̀.

"Kí nìyí?"

"Ìbọn ni, Bàbá."

"Ìbọn kẹ̀? Arère! Igi tí wọ́n fi ń kan àpótí! Tí baba rẹ bá jí dìde lónìí, kí lo máa sọ fún un? Wọ́n ní ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é, kó lè rí bó ti ń rí."

"Bàbá, wọ́n sì tún ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọwọ́ baba mi nà, tèmi ò nà. Baba mi kọ́ ló sì máa gbé e wọ igbó lọ́la, èmi ni. Ọwọ́ tí yóò gbé ìbọn ni í yan igi ìbọn."

Wọn kì í dá Olúọdẹ lóhùn bẹ́ẹ̀ ní Òkè-Ẹtu. Ojú Ògúngbèmí pọ́n. Ó yíjú sí Láyọnu oníjàálá, ó ní, "Ki ìran rẹ̀ fún un. Tó o bá kì í tán, má dákẹ́ o. Bọ́ sórí ẹran igbó, kó o máa kì wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí n ó fi ní ó tó."

Àwọn ọdẹ wo ara wọn. Wọ́n mọ̀ pé èyí kì í ṣe Ìdúró mọ́, ìyà ni. Ṣùgbọ́n ìbínú ti mú kí Olúọdẹ gbàgbé pé òun náà ní láti gbé ìbọn tòun sókè títí oríkì yóò fi parí. Ó gbé e, ìbọn ìrókò gbọọrọ, ó sì dojú kọ Ọdẹ́yínká.

Láyọnu ki ìran Ọdẹ́yínká tán. Ó bọ́ sórí erin, ó ki erin títí. Ó ki ẹfọ̀n. Apá Ọdẹ́yínká ti ń ta á, òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgúnpá rẹ̀ fara ti ìhà, awọ ẹtu sì bá ọwọ́ rẹ̀ mu rẹ́gí. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé àfi kí apá yìí tún dá lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó sọ ìbọn baba òun kalẹ̀. Láyọnu ki ẹkùn, ó ki àgbọ̀nrín. Ọdẹ́yínká rí i pé iṣan ọrùn Olúọdẹ ti yọ. Bàbá náà ìbá ti ní ó tó, ṣùgbọ́n ta ló máa kọ́kọ́ ní ó tó nígbà tí ẹni tí òun ń fìyà jẹ ṣì dúró gbọn-in? Láyọnu bọ́ sórí ọ̀yà, ó ti ọ̀yà bọ́ sórí òkété.

Lórí oríkì òkété ni ẹnu ìbọn Olúọdẹ ti tẹ̀. Ó gbìyànjú láti gbé e padà, kò ṣeé ṣe. Ẹnu ìbọn kan ilẹ̀, gbogbo ayé sì rí i.

Láyọnu kò mọ ohun tí ì bá ṣe, ó ṣáà ń ki òkété lọ. Ọdẹ́yínká kò sọ ìbọn tirẹ̀ kalẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "ẹ ò tíì ní ó tó o."

Ògúngbèmí mí. "Ó tó."

Nígbà náà ni Ọdẹ́yínká gbé ìbọn rẹ̀ kalẹ̀. Olúọdẹ na ìbọn tirẹ̀ sí i, ó ní òfin ni òfin, kó gbà á kó lọ gbé e kọ́ ara ògiri. Ọdẹ́yínká gbà á, ó gbé e wò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dá a padà fún un.

"N kò ní gbé ìbọn ẹnikẹ́ni kọ́ ògiri, Bàbá. Ẹ̀yin kọ́ lẹ rọ, igi yìí ló wúwo. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n gbé e kọ́, kó kọ́kọ́ gbé tèmi kọ́."

Olúọdẹ gba ìbọn rẹ̀ padà. Ògúngbèmí dúró, ó ń fọwọ́ ra apá rẹ̀ tó ń ro ó. Ó wo arère Ọdẹ́yínká, ó wo awọ ẹtu àti àwọn ihò tí wọ́n ti fi ṣe ẹlẹ́yà. Nígbà tó yá, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé igi wo ni Ọdẹ́yínká rò pé ó máa bá òun mu.

"Ẹ má bi mí, Bàbá. Èmi kọ́ ni mo máa gbé e."

Nígbà tí ọdún yí po, igi afàrà tó fúyẹ́ ju ìrókò ló wà níwájú ìbọn Olúọdẹ. Àwọn ọdẹ tí apá wọn ṣì fẹ́ ìrókò ń lo ìrókò, kò sẹ́ni tó dá wọn lẹ́kun. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń pa òwe yìí. Nígbà tí ẹbí bá ń bá ọ̀dọ́ jà lórí iṣẹ́ tó yàn, tàbí tí ará ìta bá ń kọ́ ẹni tó wà lábẹ́ ẹrù bí yóò ṣe rù ú, wọ́n á ní kí onímọ̀ràn pa ìmọ̀ràn rẹ̀ mọ́ sínú, kó fi ẹlẹ́rù sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀: ọwọ́ tí yóò gbé ìbọn ni í yan igi ìbọn.