Ìlà Kan Tí Bàbá Ẹ̀rọ Kò Sọ

Ọkùnrin kan ń bẹ ní ilé ìwòsàn kan, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa tọ́jú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kéékèèké méjìlá ló ń gbé inú rẹ̀, tí wọn kò ní ara tí èèyàn lè fọwọ́ kàn. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ fún ilé oògùn, ọ̀kan fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan fún ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́rìnlá ni ọkùnrin yìí fi ń wọ inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún wọn ṣe. Kò kọ ohunkóhun sílẹ̀, orí rẹ̀ ni ìwé rẹ̀. Bàbá Ẹ̀rọ ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju oúnjẹ lọ.

Nígbà tó yá, wọ́n gba obìnrin kan síṣẹ́ láti máa ràn án lọ́wọ́. Obìnrin náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ní oṣù àkọ́kọ́, ìbéèrè ló ń bi Bàbá Ẹ̀rọ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó sì ń kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní ọ̀nà mìíràn wà. Gbogbo ohun tí àwọn kọ̀ǹpútà náà nílò, inú ìwé kan ni òun yóò kọ ọ́ sí ní ìlà-ìlà. Ìwé náà ni òun yóò fi kọ́ odindi ẹ̀dà kan ti ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, tí a dì pọ̀ bí ẹrù inú àpótí. Bí àtúnṣe bá dé, ẹnikẹ́ni kò ní wọ inú kọ̀ǹpútà kankan mọ́. Wọn á kọ àtúnṣe náà sínú ìwé, wọn á kọ́ ẹ̀dà tuntun, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan á bọ́ ti àtijọ́ sílẹ̀, á sì gbé tuntun wọ̀. Bí tuntun kò bá bá a lára mu, á padà sínú ti àná.

Ó ṣe é, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tó ń gba Bàbá Ẹ̀rọ ní ọjọ́ mẹ́ta, kí tíì obìnrin yìí tó tutù, ó ti parí. Láìpẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyá Ẹ̀rọ.

Orúkọ yẹn ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Bàbá Ẹ̀rọ á rẹ́rìn-ín lójú wọn, ṣùgbọ́n ìlara ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Nígbà tí obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá òun yẹ ìwé náà wò, ó ní ojú ń dun òun. Ojú kankan kò dùn ún. Ó ti pinnu pé òun kò ní ṣí ìwé tí yóò sọ ẹlòmíràn di olókìkí láéláé.

Àfi bí obìnrin náà ṣe ṣe àṣìṣe. Ó gbàgbé láti kọ ọ́ pé aago ilẹ̀ wa ni kí àwọn kọ̀ǹpútà náà máa lò. Aago òkèèrè tí wọ́n bá wáyé ni wọ́n ń tẹ̀ lé, ó sì fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa. Ilé oògùn nìkan ló ti hàn, torí àwọn ló ń tẹ àkókò tí aláìsàn gba oògùn. Àwọn nọ́ọ̀sì kò sọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn ń fi wákàtí kan kún un lórí.

Bàbá Ẹ̀rọ rí i, inú rẹ̀ sì dùn gan-an. Ìlà kan péré ni ì bá ní kí obìnrin náà kọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó yọ́ wọ inú kọ̀ǹpútà ilé oògùn, ó sì fi ọwọ́ tún aago rẹ̀ ṣe.

"Ẹ má fi wákàtí kankan kún un mọ́," ló sọ fún olórí ilé oògùn. "Mo ti fọwọ́ kàn án."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi gbádùn oríyìn yẹn. Lọ́jọ́rú, obìnrin náà kéde pé lọ́la ni ẹ̀dà tuntun yóò wọlé. Ó ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ti fọwọ́ kan ohunkóhun wá sọ, kí òun lè kọ ọ́ sínú ìwé, torí ohun tí kò bá sí nínú ìwé yóò bá ẹ̀dà àtijọ́ lọ. Bàbá Ẹ̀rọ gbọ́ ọ. Ó ń bẹ̀rù pé tí òun bá sọ ọ́, ìyìn náà yóò di ti Ìyá Ẹ̀rọ. Ó panu mọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, ẹ̀dà tuntun wọlé, aago ilé oògùn sì padà sẹ́yìn. Bàbá arúgbó kan ń gba oògùn ọkàn kan tó le, tí kò gbọdọ̀ ṣáájú àkókò rẹ̀, ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà. Aago méjì ọ̀sán ló gba ọ̀kan, ẹ̀rọ kọ ọ́ ní aago kan, wọ́n sì wo aago ara ògiri, wọ́n fún un ní òmíràn ní aago méje alẹ́. Nọ́ọ̀sì kò fi wákàtí kankan kún un, torí wọ́n ti ní kó má fi kún un mọ́. Ara bàbá náà tutù, ojú rẹ̀ yí. Dókítà tó wà nítòsí ló gbà á sílẹ̀, ó kù díẹ̀ kó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Obìnrin náà kọ ìlà kan, ó sì kọ́ ẹ̀dà mìíràn. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kọ̀ǹpútà méjèèjìlá ti ń ka aago wa. Ìgbà náà ni olórí ilé oògùn sọ pé Bàbá Ẹ̀rọ ti tún un ṣe tẹ́lẹ̀.

"Ẹ ti mọ̀, sà?" ni obìnrin náà bi í. "Ǹ bá kọ orúkọ yín sí i."

Ó gbé ìwé náà síwájú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan ni orúkọ ẹni tó mú un wá wà. Bàbá Ẹ̀rọ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlà mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀, orúkọ tirẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ìdáhùn tó fún obìnrin náà ní oṣù àkọ́kọ́ ni gbogbo wọn. Ó jókòó, kò lè gbójú sókè.

Ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí, láti ìgbà tí o ti dé lo ti ń sọ fún mi pé akọ̀wé tuntun tí ẹgbẹ́ yín yàn ti gba ipò mọ́ ọ lọ́wọ́. O ní o mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ń jò, ṣùgbọ́n o kò ní sọ, kí ojú lè tì í. Mo gbọ́ ọ. Ìlara ni, má fún un lórúkọ mìíràn. Akọ̀wé yẹn kọ́ ni ìyà rẹ̀ yóò jẹ, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni, bíi bàbá arúgbó tó gba oògùn ṣáájú àkókò. Dìde, lọ bá a, kí o sọ ohun tí o mọ̀ fún un kí Ọjọ́bọ̀ tiyín náà tó dé. Tí o bá débẹ̀, ní kó fi ìwé rẹ̀ hàn ọ́, kí o wá orúkọ ara rẹ nínú rẹ̀.