Arógundádé, Ẹni Tó Ṣán Ọ̀nà Ẹ̀gùnrìn

Ìlú méjì ló há Òkè-Àfọ̀n sáàárín láyé ìgbà tí à ń sọ yìí: Ìmọ̀jọ lápá òkè, Ọ̀wàrà lápá odò. Àwọn méjèèjì ló ń wá ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ rí imí ara wọn láàtàn, ìjà wọn yìí sì ni àwọn ìjòyè wa fi ṣe odi. "Ológbò àti èkúté ni wọ́n, wọn ò lè jọ wá bá wa láéláé," ni Ọ̀tún máa ń wí, á sì fín aṣáà rẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó fi ìjà ẹlòmíràn ṣe odi, ọjọ́ tí wọ́n bá parí ìjà ni odi rẹ̀ wó.

Arógundádé, Balógun wa, ọkùnrin gàgàrà, a-jà-má-bojú-wẹ̀yìn, kò gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Nígbà náà, ìlú méjì tó bá ń bá ara wọn ṣe a máa ṣán ọ̀nà tó wà láàárín wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kálukú dé ààlà tirẹ̀. Àwọn tó bá ń bá ara wọn jà a fi ọ̀nà sílẹ̀ fún igbó. Arógundádé lọ fojú ara rẹ̀ wo ọ̀nà Ìmọ̀jọ sí Ọ̀wàrà, tó gba ẹ̀yìn ìlú wa kọjá. Igbó tó ti dí i láti ayé baba wọn, wọ́n ti ń ṣán an bọ̀ láti ìhà méjèèjì, ó ku díẹ̀ kí wọ́n pàdé.

Ó padà sọ níwájú ọba: "Kábíyèsí, n ò lálàá, n ò sì ríran. Ọ̀nà ni mo rí. Kí ẹ̀ẹ̀rùn yìí tó parí, àwọn méjèèjì á jọ wá, a ò sì lè dá kojú wọn. Ìlú Ẹ̀gùnrìn nìkan ló ń bẹ̀rù ohun tí à ń bẹ̀rù, torí bí wọ́n bá jẹ wá tán, àwọn ló kàn. Ẹ jẹ́ ká ṣán ọ̀nà Ẹ̀gùnrìn."

Ẹ̀gùnrìn kẹ̀! Kúforíjì, olórí ogun Ẹ̀gùnrìn, ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa Ọdẹ́wálé, àbúrò Balógun, lójú ogun. Àyìnkẹ́, ìyá wọn, gbọ́, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ààfin.

"Arógun, ọ̀nà ilé àwọn tó pa ọmọ mi lo fẹ́ ṣán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi. Bí n ò bá ṣán an, gbogbo ìyá ìlú yìí ni yóò sunkún."

"Èmi ti ń sun tèmi, kò sì tíì tán. Máa lọ. Ṣùgbọ́n má jẹun nílé mi mọ́."

Ó dun Arógundádé wọra. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un, ó mú àdá, ó lọ. Ó ṣán ọ̀nà dé ààlà, kò dúró. Ó ń ṣán apá ti Ẹ̀gùnrìn lọ. Kúforíjì gan-an ló jáde sí i tòun tàwọn ọmọ ogun.

"Balógun, ṣé ikú lò ń wá ni?"

"Ọ̀nà yín ni mò ń bá yín ṣán. Ìmọ̀jọ àti Ọ̀wàrà ti fẹ́ẹ̀ ṣán tiwọn tán."

Kúforíjì gba àdá lọ́wọ́ ẹnì kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bá a ṣán an.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọ̀hún kò tíì parí tí ogun ìlú méjì fi yọ. Ìlú méjì ni wọ́n bá pàdé, àwa àti Ẹ̀gùnrìn, wọ́n sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ní ti Ọ̀tún, inú àká tó sá sí la ti wá a jáde.

Títí dòní, a kì í fi Balógun jẹ ní Òkè-Àfọ̀n láìjẹ́ pé ará Ẹ̀gùnrìn kan fà á lọ́wọ́ wọ ààfin. Gbogbo ìlú ní ń jáde lọ́jọ́ náà, àfi agboolé Àyìnkẹ́. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn wọn pa. Balógun tuntun á dé iwájú ilé náà, á ṣí fìlà, á dúró díẹ̀, kó tó kọjá. Kò sí ọba tó bá wọn wí rí.