Bí Inú Ọparun Ṣe Ṣófo Tó sì Ń Tẹ̀

Nígbà láéláé, kí atẹ́gùn tó rí igi kankan bá ṣeré, gbogbo igi inú igbó ló le gbagidi. Kò sí èyí tó ń tẹ̀. Ọparun pàápàá, inú rẹ̀ kún bí inú iṣu, kò sì ní oríkèé kankan lára. Ẹ̀gbẹ́ Ìrókò ló ń gbé. Bí Ìrókò bá ti nàró, bẹ́ẹ̀ lòun náà ń nàró.

Ní ọdún kan, odò kún àkúnya, ó ya wọ oko àwọn ẹranko, ó sì gbá ilẹ̀ dúdú ibẹ̀ lọ pátápátá. Òkúta àti yanrìn ló kù fún wọn. Òdìkejì odò nìkan ni ilẹ̀ tó dára wà, ṣùgbọ́n omi náà ń sáré, ọ̀nì sì kún inú rẹ̀. Àkókò gbígbin iṣu sì ń lọ.

Ẹfọ̀n ló mú àbá wá. Ó ní kí oníkálukú fi ewé di èbù iṣu rẹ̀, kó fi amọ̀ bò ó kó rí róbótó, kó gbé e sílẹ̀ létí odò, kó sì fi igi gbá a sọdá. Ẹrẹ̀ ọ̀hún rọ̀. Èbù tó bá já síbẹ̀ yóò rì wọlẹ̀, yóò sì hù. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí odò bá fà, kálukú yóò rìn kọjá lọ wa iṣu tirẹ̀.

Àbá náà dára fún alágbára. Ẹfọ̀n ya ẹ̀ka Ìrókò kan, ó fì í, ó gbá èbù rẹ̀ pàá, ó di òdìkejì. Ìnàkí gbá tirẹ̀, ó sọdá. Ìkookò gbá tirẹ̀, òun náà sọdá.

Ó wá kan Ìyá Òòrẹ̀.

Ìyá Òòrẹ̀ ti darúgbó. Apá rẹ̀ kì í yára mọ́. Eyín rẹ̀ nìkan ni ogbó kò tíì rí mú. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí odò tó gbé oko lọ ló gbé ìyá wọn lọ pẹ̀lú. Ó rọra gbé igi sókè, ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Èbù náà yí gbirigbiri, ó kó sómi. Igi ta á lọ́wọ́ títí dé èjìká.

Àwọn tó ń wòran ní kó fi agbára sí i. Ó fi agbára sí i lóòótọ́, ó sì ṣubú sẹ́yìn, gbogbo ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ wọlẹ̀ ṣinṣin. Ìnàkí àti Ìkookò ló fà á tu bí ẹni ń fa gbòǹgbò ẹ̀gẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìyá Òòrẹ̀ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ó wo èbù tó ṣẹ́ kù nínú agbọ̀n, inú rẹ̀ bàjẹ́.

Ó jókòó, ó rò ó. Apá òun kò lè yára ju báyìí lọ, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n igi tí òun dì mú, kí ló ń ṣe? Kò ṣe nǹkan kan. Bí ó bá lè tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ nígbà tí apá bá ń bọ̀, kó wá ta padà bó bá kù díẹ̀ kó kan èbù, títa rẹ̀ yóò fi kún agbára òun.

Ó tọ Ìrókò lọ, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ìrókò kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

Ó ní, “Bí mo bá tẹ̀ lónìí, ta ni yóò tún bọ̀wọ̀ fún mi lọ́la?”

Ọparun gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ti ń wo àwọn ọmọ-ọmọ Ìyá Òòrẹ̀ láti àárọ̀, bí wọ́n ṣe ń lá amọ̀ tó ṣẹ́ kù lára èbù. Ó pe ìyá àgbà náà, ó bi í léèrè bí igi ṣe lè tẹ̀.

Ìyá Òòrẹ̀ ní, “Inú rẹ ló kún jù. Àfi kí n gbẹ́ ẹ jáde.”

“Ṣé ó máa dùn mí, Ìyá?”

“Á dùn ẹ́, ọmọ mi. Mi ò ní parọ́ fún ẹ.”

Ọparun gbà, ṣùgbọ́n ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má gbẹ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní kó máa fi ògiri díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ nínú òun, kí òun lè rí nǹkan fi gbé ara òun ró. Ìyá Òòrẹ̀ ṣèlérí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín gbẹ́ ẹ, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Níbi tó bá ti rẹ̀ ẹ́, á fò ó, á fi ògiri kan sílẹ̀, á tún gbẹ́ lọ. Ibi tó bá ti wọlé, Ọparun á pa á dé, àpá rẹ̀ á sì yọ yí i ká.

Nígbà tó ṣe tán, Ọparun fún un ní ọ̀pá kan lára rẹ̀. Ìyá Òòrẹ̀ rọra gbé e sókè, ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ọ̀pá tẹ̀ sẹ́yìn kọrọdọ, ó ta padà fìì, ó gbá èbù. Èbù gòkè, ó gorí odò kọjá, ó já sínú ẹrẹ̀ ọ̀hún pọ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ dì mọ́ ọn láìrántí ẹ̀gún.

Ẹfọ̀n gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò pé bí arúgbó bá lè gbá a dé òdìkejì, tòun á dé ojú ọ̀run. Ó fì í pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ọ̀pá tẹ̀ jù, kò tètè padà dé. Èbù fò sí ẹ̀gbẹ́, ó ba Ìkookò nímú. Ẹfọ̀n dá ọ̀pá padà, ó lọ mú ẹ̀ka Ìrókò rẹ̀. Ìyẹn ló bá apá tirẹ̀ mu.

Ìyá Òòrẹ̀ gbá gbogbo èbù rẹ̀ sọdá, àwọn arúgbó yòókù sì tò sẹ́yìn rẹ̀ láti yá ọ̀pá.

Láti ọjọ́ náà ni inú ọparun ti ṣófo, tó ní oríkèé yí ká ara rẹ̀, ògiri kọ̀ọ̀kan sì wà nínú oríkèé kọ̀ọ̀kan. Bí ìjì bá ń jà, ìrókò á dúró gan-an títí yóò fi ya. Ọparun á tẹ̀ títí orí rẹ̀ á fi kan omi, á sì tún nàró.