Pósí Onídìígí

Ọ̀gá Ṣówándé tó ń ta pósí tọ́ka sí pósí onídìígí tí Ọlọ́nàdé gbẹ́nàgbẹ́nà rẹ̀ gbẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò rà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí wá, ó ní, "Tí èyí bá ṣì wà níbí nígbà tí oòrùn bá wọ̀, wá iṣẹ́ mìíràn lọ." Ọlọ́nàdé ní, "Ó dára, sà," ó fi ọmọlanke gbé pósí náà sọdá títì, ó sì ní kí Jọláadé, tí òun náà ń ta pósí, bá òun gbé e síta níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn olókùú fi ń yà síbẹ̀. Wọ́n á wo pósí náà, wọ́n á béèrè iye rẹ̀, wọ́n á mi orí, wọ́n á sì ra ti pákó lásán lọ́wọ́ Jọláadé láìdúnàádúrà, wọ́n ní ẹni tó ní irú èyí kò jẹ́ ta igi tí kòkòrò ti jẹ. Ìgbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá Ṣówándé sáré dé. "Ta ló fẹ́ ra pósí mi?" Ọlọ́nàdé ní, "Kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á, sà. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń rà." Ọ̀gá ká agbádá, ó di orí pósí mú. "Gbé ìdí rẹ̀ ká máa lọ, iṣẹ́ rẹ ṣì wà nílẹ̀. Àbí o ò rí i pé gbogbo ayé ń wò wá?" Ọlọ́nàdé ní, "Kí wọ́n lè máa wò ó náà ni mo ṣe gbẹ́ ẹ, sà."