Òdòdó Àwẹ̀ró

Alágẹmọ ti bímọ tirẹ̀ tán. Àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Òdòdó oòrùn ló kọ́ Àwẹ̀ró lówe yìí.

Iwájú fèrèsé rẹ̀ ló gbìn ín sí, ní ààlà ilé òun àti ti Ìyá Dúródọlá, aládùúgbò rẹ̀. Ọdún kẹta rèé tí wọn kò kí ara wọn, nítorí ewúrẹ́ ẹnìkan tó jẹ èlùbọ́ ẹnìkejì. Ewé méjì ló kọ́kọ́ yọ. Kò pẹ́, igi náà ga ju èèyàn lọ. Láàárọ̀, orí rẹ̀ á kọjú sí ilé Ìyá Dúródọlá níhà ìlà oòrùn; nírọ̀lẹ́, á yí sọ́dọ̀ Àwẹ̀ró.

"Ọmọ gidi máa ń padà sílé," ni Àwẹ̀ró wí.

Nígbà tí òdòdó náà là tán, ọrùn rẹ̀ le. Ó kọjú sí ìlà oòrùn, kò yí padà mọ́. Àwẹ̀ró fi okùn fà á títí, ẹ̀yìn rẹ̀ náà ló ń rí. Ó pariwo pé wọ́n ti sà sí òdòdó òun.

"Ìwọ lo gbìn ín," ni Ìyá Dúródọlá fèsì, "òun ló ni ojú rẹ̀. Bó o bá fẹ́ rí i, wá síbí."

Lọ́jọ́ kẹta, Àwẹ̀ró gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ kọjá ààlà. Òdòdó ló kọ́kọ́ kí, kó tó kí onílé.