Ọwọ́ Tí Kò Kan Ẹ̀yìn Bàbá

Ọkùnrin kan wà ní Ìlọrin tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa wọ́ra fún ènìyàn. Òrí àti àdín ni irinṣẹ́ rẹ̀, àti àtàǹpàkò méjì tó le bí èkùrọ́. Awakọ̀ tí ọrùn rẹ̀ gan, alágbàṣe tí apá rẹ̀ kò gbé sókè mọ́, gbogbo wọn ló ń wá a. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń sunkún lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láìṣe pé ó dùn wọ́n. Kì í bi wọ́n léèrè. Ó mọ̀ pé ìbànújẹ́ a máa fi èjìká ṣe ibùgbé, àti pé bí ẹran ara bá rọ̀, ọkàn náà á tú. Ẹni tí kò sùn láti ọjọ́ mẹ́ta á sì gbàgbé ara rẹ̀ sórí ẹní. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà ní abúlé wọn. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni bàbá nà sílẹ̀ fún un, tí ó fi kọ́ ọ.

“Má fi ẹnu béèrè ibi tó ń dùn ún,” ni bàbá máa ń wí. “Ọwọ́ ni kó o fi béèrè.”

Bàbá wá dàgbà, ìyàwó rẹ̀ sì kú. Láti ọjọ́ náà, fún ọdún mẹ́fà gbáko, ọwọ́ ènìyàn kankan kò kan ara bàbá yìí. Àgbà ni, ilẹ̀ ni gbogbo ayé ti ń kí i. Oorun dá lójú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ gan, ó ń kanra mọ́ adìyẹ, ó ń dá bá ògiri sọ̀rọ̀. Àwọn ará abúlé ní ogbó ni. Irọ́ ni wọ́n pa. Ara tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fún ọdún mẹ́fà, ṣé kò ní rò pé wọ́n ti gbàgbé òun ni?

Ọdọọdún ni Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ń wálé ṣe Iléyá. Á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ á kan ilẹ̀, á sì gbé ike ìpara gbígbóná kan fún bàbá rẹ̀. Ní ọdún kan, bàbá gba ìpara náà, ó gbé e sílẹ̀.

“Ọmọ mi, ẹ̀yìn yìí fẹ́ pa mí. Bá mi fọwọ́ kàn án wò.”

“Háà, Bàbá! Kí ẹ wá dojú bolẹ̀ níwájú mi? Ẹni tó bá rí wa á ní ẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ yín. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!”

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. “N ò ní dojú bolẹ̀. Màá jókòó sórí àpótí, kí ìwọ dúró sẹ́yìn mi.”

“Ẹ jẹ́ ó di àárọ̀ ọ̀la, Bàbá.”

Kì í ṣe ọ̀wọ̀ ló dí i lọ́wọ́. Ó ti wọ́ra fún ogúnlọ́gọ̀ ènìyàn kí ọdún tó dé, ìsinmi ló wá ṣe nílé. Ọ̀lẹ rẹ̀ ló gbé ẹ̀wù ọ̀wọ̀ wọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá bọ́ ẹ̀wù, ó gbé àpótí sí ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó ń dúró de ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Obìnrin aládùúgbò kan ló wá sọ fún un pé ọmọ ti bá ọkọ̀ ìdájí lọ.

Bàbá kò rí Iléyá kejì. Wọ́n pe Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀, ó sáré dé kí ara bàbá tó tutù tán. Òun ni àkọ́bí, òun ni kó bá wọn wẹ òkú. Àáfáà ń da omi, ọmọ ń fọwọ́ wẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n yí bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ ọmọ kan ẹ̀yìn náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọwọ́ béèrè, ẹ̀yìn sì dáhùn. Ó bá kókó lábẹ́ èjìká òsì. Ó bá ẹran tó gan gbagidi ní ìbàdí. Àtàǹpàkò rẹ̀ kò dúró gba àṣẹ. Ó tẹ̀ ẹ́, ó wọ́ ọ wálẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Omijé ń bọ́ sára òkú.

Àáfáà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Mú ọwọ́ kúrò. Wíwẹ̀ la ní kó o wẹ̀ ẹ́. Ara yìí ò mọ ọwọ́ rẹ mọ́.”

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó bá ike ìpara mẹ́fà lábẹ́ ibùsùn bàbá. Ẹnikẹ́ni kò ṣí ọ̀kankan nínú wọn. Ọwọ́ ta ni bàbá ì bá fi pa á sẹ́yìn? Níta, àwọn ènìyàn ń yìn ín pé, “Ẹni ọmọ sin ló bímọ.”

Ìwọ tí o jókòó níwájú mi yìí, o ní o ti fi oògùn ẹ̀yìn ránṣẹ́ sí bàbá rẹ, o ní o kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìdọ̀bálẹ̀. Mo gbọ́. Kò sẹ́ni tó bi ọ́ ní ti ìdọ̀bálẹ̀. Ìgbà wo ni o fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn? O ò mọ̀ ọ́n. Òrí wà nílé, àpótí wà nílẹ̀, bàbá rẹ sì tún wà láàyè. Tètè lọ, kí àáfáà má baà jẹ́ ẹni tí yóò sọ fún ọ pé kí o mú ọwọ́ kúrò.