Kétúrà Tó Fi Àyà Ṣọ́ Irúgbìn

Ebi ló kọ́kọ́ dé Etí-Àpáta, kí òtútù tó wá ràn án lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn dúdú tó tẹ ìlú kékeré náà dó, létí òkun ilẹ̀ Kánádà, ti ṣe ẹrú rí níhà gúúsù, níbi tí oòrùn ti ń mú. Wọ́n jà fún ọba òyìnbó nígbà ogun, ọba sì ṣèlérí òmìnira àti ilẹ̀ fún wọn. Wọ́n rí òmìnira gbà. Ilẹ̀ tí wọ́n rí, òkúta ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tí omi èbúté dì gbagidi, ọkọ̀ oúnjẹ kò lè wọlé mọ́. Ohun tó kù kò ju ọ̀dùnkún òyìnbó tí ìdílé kọ̀ọ̀kan yọ sílẹ̀ fún gbígbìn, tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ Kétúrà, ìyàwó Sílà, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Kétúrà, ọlọ́wọ́ mímọ́, aláyà bí òkúta odò, òun náà ṣe àṣìṣe. Bí ìyá rẹ̀ ti ń tọ́jú ọ̀dùnkún ní gúúsù ló ṣe tọ́jú èyí: ó gbẹ́ kòtò tí kò jìn ju ìgbọ̀nwọ́ kan, ó tẹ́ koríko gbígbẹ sí i, ó kó erùpẹ̀ bò ó. Ọgbọ́n ilẹ̀ gbígbóná ni. Ní òwúrọ̀ tó tú kòtò náà wò, àwọn tó wà lókè ti le bí òkúta. Nígbà tó gbé wọn sún mọ́ iná, wọ́n di omi rírùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ̀nba tó wà nísàlẹ̀ ló yè. Kétúrà jókòó sórí yìnyín, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó lọ láti ilé dé ilé, ó ń sọ pé, “Èmi ni mo ṣì í ṣe.” Ẹni tó bá lè sọ bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn tún lè fọkàn tán.

Ó kó ìyókù wálé, ṣùgbọ́n omi inú garawa pàápàá ń dì nínú ahéré wọn. Sílà ti wà lórí àìsàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ibà ń jó o bí ààrò. Ó gbé etí kúbùsù sókè.

“Kó wọn wá síbí.”

“Ṣé ọ̀dùnkún lo fẹ́ máa bá sùn ni?”

“Ìwọ tí mo ń bá sùn, ẹsẹ̀ rẹ kò ha tutù jù wọ́n lọ?”

Kétúrà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún náà. Àárín wọn, níbi tó ti ṣófo láti ọjọ́ tí olówó wọn ti ta ọmọ wọn kan ṣoṣo, ibẹ̀ ló tẹ́ irúgbìn náà sí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ámósì, ẹni tó ti ṣe sájẹ́ńtì lójú ogun, kó ọkùnrin mẹ́ta lẹ́yìn, ó wọlé.

“Arábìnrin Kétúrà, wọ́n ní ẹ ń fi ọ̀dùnkún ṣe ìrọ̀rí, awọ bàtà sì ni àwọn ọmọ wa ń jẹ. Ẹ kó o wá.”

Kétúrà dìde dúró síwájú ibùsùn.

“Arákùnrin Ámósì, ta ló ń gbin irè oko ní gúúsù? Àwa ni. Ta ló ń jẹ ẹ́? Àwọn olówó wa. Irúgbìn àkọ́kọ́ tó jẹ́ tiwa nìyí. Bí a bá sè é, oúnjẹ ọ̀sán kan ni. Bí yìnyín bá wá yọ́, tí a kò ní ohun tí a ó gbìn, a ó tún lọ ta ara wa nítorí àtijẹ. Bí ẹ bá rò pé à ń jẹ ẹ́, ẹ ṣí kúbùsù, kí ẹ wo ọkọ mi.”

Ámósì ṣí i. Ó rí egungun ìhà Sílà, ó rí ọ̀dùnkún tó fara tì í láìsí àpá eyín kan lára wọn. Ó bọ́ ẹ̀wù ogun rẹ̀, ó fi bo aláìsàn àti irúgbìn pọ̀.

“Ẹ jẹ́ ká lọ dá yìnyín lu lórí omi,” ló wí fún àwọn tó tẹ̀ lé e. “Bóyá ẹja á gbọ́ ẹ̀bẹ̀.”

Ẹja gbọ́ díẹ̀. Sílà kò rí ìparí òtútù náà. Ọ̀sẹ̀ tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ló kú. Nígbà tí Kétúrà ṣí kúbùsù láti wẹ òkú rẹ̀, àwọn ọ̀dùnkún tó wà níhà ikùn rẹ̀ ti hù, ọ̀mùnú funfun kéékèèké. Ó fọwọ́ pa orí ọkọ rẹ̀. “Sílà,” ló wí, “àwọn ọmọ rẹ ti jí.”

Ẹni tó bá ń wá akọni síbi tí idà ti ń dán nìkan, kò tíì mọ akọni. Láti inú irúgbìn yẹn ni gbogbo oko Etí-Àpáta ti wá. Títí di òní, lọ́jọ́ tí yìnyín àkọ́kọ́ bá bọ́, tọkọtìyàwó tuntun a gbé ọ̀dùnkún kan sí àárín ara wọn lórí ibùsùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àgbà ilé a wá béèrè lẹ́nu ọ̀nà pé, “Ta ló sùn láàárín yín?”

Wọn a dáhùn pé, “Ọmọ Sílà ni.”